Ṣé ìwé ló lé Ọlọ́run kúrò lọ́kàn ọmọ yín?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Balógun, Súrúlérè là ń gbé. Inú ìjọ Séráfù ni wọ́n bí mi sí, mùsùlùmí ni bàbá àwọn ọmọ mi, a kò sì fìgbà kan jà sí i. Àkọ́bí wa di ààfáà. Èkejì ń darí orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún 22 tó wà ní Yunifásítì Èkó, ló sọ lójú gbogbo wa lọ́jọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ pé òun kò gbà pé Ọlọ́run wà. Bàbá rẹ̀ ní ìwé ló bà á jẹ́. Àbúrò mi ní ká gbé e lọ síbi ìtúsílẹ̀. Ilé kan náà, oúnjẹ kan náà. Kí ló ń mú kí ọ̀kan gbàgbọ́ kí èkejì má gbàgbọ́? Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú làálàá ọmọ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ẹ̀sùn ìwé kúrò nílẹ̀, torí ilé-ìwé tí ọmọ yín wà gan-an ló tú u fó. Ní ọdún 1973, olùkọ́ ìṣirò ni William Kumuyi ní Yunifásítì Èkó nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ 15 bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ka Bíbélì. Ohun tó di ìjọ Deeper Life nìyẹn. Enoch Adéboyè náà kọ́ni ní ìṣirò ní ilé-ìwé kan náà kó tó di alákòóso ìjọ Redeemed ní ọdún 1981. Daniel Olúkọ̀yà tó dá Mountain of Fire sílẹ̀ gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ àbùdá nílùú òyìnbó, ó sì ṣe iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ní Yaba. Bó bá jẹ́ pé ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ló ń lé Ọlọ́run kúrò lọ́kàn, àwọn mẹ́ta yìí ni kò bá ti kọ́kọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ Táí Ṣólàrìn, tó dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, kàwé dáadáa, ó sì ń sọ ní gbangba pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́ títí tó fi kú ní 1994. Ìwé gbé àwọn kan lọ sọ́tùn-ún, ó gbé àwọn kan lọ sósì.

Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá gbìyànjú láti mú un bí ẹni mú eku. Ní ọdún 2012, Will Gervais àti Ara Norenzayan ní Kánádà tẹ ìwádìí kan jáde pé tí a bá mú kí èèyàn ronú fínnífínní, ìgbàgbọ́ rẹ̀ nínú Ọlọ́run á rẹlẹ̀ díẹ̀. Nínú ọ̀kan lára àwọn ìdánwò náà, àwòrán ère ọkùnrin kan tó ń ronú ni wọ́n fi han àwọn èèyàn. Ariwo pọ̀ lórí rẹ̀. Ní 2017, àwọn mìíràn tún ìdánwò ère yẹn ṣe pẹ̀lú èèyàn tó pọ̀ gan-an ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọn kò rí nǹkan kan. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé èèyàn tó bá ti lè ronú kò ní gbàgbọ́, ìròyìn àtijọ́ ló ń tà fún yín.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tó yẹ ká yẹ̀ wò ká tó lọ síwájú. Ọ̀nà méjì la fi ń sọ nǹkan tí òyìnbó ń fi ọ̀rọ̀ kan sọ. Ẹ̀sìn wá láti inú sìn: iṣẹ́ ni, ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń ṣe ni. Ìgbàgbọ́ wá láti inú gbà àti gbọ́: a sọ fún ọ, o gbọ́, o gbà. Àwọn bàbá wa kì í bi ara wọn pé, kí lo gbà gbọ́? Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni pé, kí lẹ̀ ń bọ nílé yín? Nígbà tí iṣẹ́ Ọlọ́run àwọn míṣọ́nnárì dé, ìgbàgbọ́ di orúkọ fún ẹ̀sìn Kristi fúnra rẹ̀, ẹni tí kò sí níbẹ̀ sì di aláìgbàgbọ́, àní bó tilẹ̀ ń jí bọ Ògún láràárọ̀. Mo ń sọ èyí torí pé ọmọ yín sọ pé òun kò gbàgbọ́. Kò tíì sọ ohun tí òun kò ní bá yín ṣe mọ́. Ọ̀rọ̀ méjì ni, a ó sì padà sí i.

Ẹ ní ilé kan náà, oúnjẹ kan náà. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ bá yín jiyàn. Kì í ṣe ilé kan náà.

Ní ti pé kí ọkàn èèyàn gba ohun tí a kò fojú rí, ìyẹn kò le rárá. Bí wọ́n ṣe dá wa ni. Bí ewé bá mì lóru, ẹni tó rò pé olè ni tó sì sá, kò pàdánù ju oorun lọ. Ẹni tó rò pé afẹ́fẹ́ ni tó sì jẹ́ olè lóòótọ́, ó pàdánù púpọ̀. Ọkàn wa ti mọ́ra pé kó máa wá ẹni tó wà lẹ́yìn nǹkan. Ọmọdé pàápàá ń wá ìdí: Deborah Kelemen, ará Amẹ́ríkà, bi àwọn ọmọdé pé kí ló dé tí òkúta kan fi ṣonṣo, ọ̀pọ̀ wọn sì fara mọ́ ìdáhùn pé kí ẹranko lè rí nǹkan fi họ ara ni. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Nítorí náà, ọkàn gbogbo ọmọ yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní àyè fún Ọlọ́run láti kékeré. Ohun tó yàtọ̀ ni ohun tó wọ inú àyè náà, àti bó ṣe jinlẹ̀ tó.

Joseph Henrich, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, kọ̀wé lórí èyí ní ọdún 2009, mo sì rò pé òun ló sún mọ́ òótọ́ jù. Ó ní ọmọ kì í gbára lé ohun tí àgbà sọ tó ohun tó rí i pé àgbà ń jìyà lé lórí. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò náni ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó rí bàbá rẹ̀ tó jí jẹ sàárì kílẹ̀ tó mọ́, tó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìdúmọ̀tà láìfi omi kan ẹnu, tó fi gbogbo ọ̀sán ná ọjà nínú oòrùn, tó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 29 tàbí 30, ọmọ náà kò ní bèèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ti rí i. Ẹni tí wọ́n ń pariwo mọ́ pé kó lọ kírun, tí ẹni tó ń pariwo sì ń wo bọ́ọ̀lù lórí àga, ohun mìíràn lòun náà rí.

Ẹ mú bébà kan, ẹ fi rúlà pín in sí mẹ́ta, ọ̀nà kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ọdún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi wà láàárín ọmọ ọdún méje sí méjìlá sókè. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́rin: Ta ló ń jí i fún àdúrà nígbà náà? Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ ló ń bá bàbá tàbí ìyá lọ sílé ìjọsìn, kì í ṣe pé wọ́n rán an lọ? Kí ló rí tí ẹ fi sílẹ̀ nítorí Ọlọ́run, owó ni, oorun ni, àbí èrè ọjà? Ìjà ẹ̀sìn wo ló ṣojú rẹ̀? Ẹ má kọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ o, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ. Ohun tó wọ́pọ̀ ní Èkó ni pé inú yàrá kan àti pálọ̀ ni àkọ́bí dàgbà sí, níbi tí gbogbo ilé ti ń gbàdúrà pọ̀ torí kò síbòmíràn tí wọ́n lè lọ. Nígbà tí àbíkẹ́yìn fi máa gbọ́n, ilé ti fẹ̀, olúkúlùkù ní yàrá àti fóònù, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí Third Mainland sì ń dá bàbá dúró títí di aago mẹ́wàá alẹ́. Bàbá kan náà ni. Ilé ti yí padà.

Ohun mìíràn tún wà nínú ilé yín tí kò sí nínú ọ̀pọ̀ ilé lókè ọya. Àwọn ọmọ yín rí ẹ̀sìn méjì lábẹ́ òrùlé kan, wọ́n sì rí i pé ẹlẹ́sìn méjèèjì ń jẹun pọ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ọmọ tó bá rí èyí máa ń sọ pé Ọlọ́run kan náà ni gbogbo wa ń sìn. Àwọn díẹ̀ a sọ pé bí méjèèjì bá lè tako ara wọn tí ayé kò sì bàjẹ́, ó lè jẹ́ pé méjèèjì ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun kan náà ni wọ́n rí o, ìtumọ̀ ló yàtọ̀.

Ẹ̀yin tó ń ná ọjà ní etí ọ̀sà á tètè lóye èyí tó kù. Láàárín 1915 sí 1918, Bronisław Malinowski gbé pẹ̀lú àwọn ará erékùṣù Trobriand, ní apá ibi tó di Papua New Guinea lónìí. Ó rí i pé tí wọ́n bá ń pa ẹja nínú ọ̀sà, níbi tí omi ti rọ̀ tí ẹja sì dájú, wọn kì í ṣe ètùtù kankan. Tí wọ́n bá ń lọ sójú òkun, níbi tí ìgbì ti lè dojú ọkọ̀ dé, tí èèyàn sì lè padà wálé lọ́wọ́ òfo, ètùtù lóríṣiríṣi ni. Èèyàn kan náà ni, ọgbọ́n orí wọn kò yí padà láàárín ọ̀sà sí òkun. Ohun tí wọn kò lè darí ló pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì dúró sí Trobriand. Ní oṣù Kejì ọdún 2011, ilẹ̀ mì tìtì ní Christchurch ní New Zealand, èèyàn 185 kú. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ti ń bi àwọn ará ìlú ní ìbéèrè ṣáájú, wọ́n sì tún bi wọ́n lẹ́yìn náà: láàárín àwọn tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà kàn, àwọn tó yí sí ẹ̀sìn pọ̀ sí i, nígbà tí ìgbàgbọ́ ń dínkù níbi tó kù lórílẹ̀-èdè náà. Ìjọ yín gan-an wà nínú ìtàn yìí. Ọdún 1925 ni Moses Orímọ́ládé àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n bẹ̀rẹ̀ Kérúbù àti Séráfù ní Èkó. Àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn ọdún 1918 ti kọjá lára àwọn èèyàn, àrùn tí eku ń tàn kálẹ̀ sì ti wọ Èkó ní 1924. Ìjọ tó ní àdúrà àti omi ìyè lọ́wọ́ dé ní àkókò tí ojú òkun ti wọ inú ilé.

Ẹ wá wo ìgbésí ayé yín àti ti ọmọ yín. Ẹ̀yin ti ta ọjà nígbà tí iná jó ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Balógun, ẹ ti bímọ mẹ́ta, ẹ mọ bó ṣe rí kéèyàn jí láìmọ ibi tí owó oúnjẹ ti máa wá. Òun, bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ, ẹ̀yin lẹ san owó ilé-ìwé rẹ̀. Ọ̀sà lẹ fi í sí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá fi èyí bú yín pé ẹ̀rù ló ń sọ yín di olùjọsìn. Ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní Ìkòyí kún fún àwọn tí ẹ̀rù owó kò bà. Àti pé kéèyàn mọ bí ẹnìkan ṣe dé ibi tó gbà gbọ́ kò sọ bóyá ohun náà jẹ́ òótọ́ tàbí irọ́. Pàṣán ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ wa pé méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ 56. Pàṣán kò sọ ọ́ di irọ́.

Báwo ni èèyàn ṣe ń kúrò? Norenzayan àti Gervais, àwọn onímọ̀ ará Kánádà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ka ọ̀nà mẹ́rin ní 2013. Mo fi àkọ́kọ́ sílẹ̀, pé ọkàn àwọn kan kì í tètè mọ inú ẹlòmíràn, torí ẹ̀rí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Èkejì ni àìrí ẹni tó ń san nǹkan lé e lórí, a ti sọ ìyẹn. Ẹ̀kẹta ni kí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run má kan èèyàn lára: kò bá a jà, kò sì rántí rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ìrònú. Mo fi ẹ̀karùn-ún kún un fúnra mi: ìbínú. Ẹni tó gbàdúrà kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ má kú, tí ọ̀rẹ́ náà sì kú, lè máa sọ pé Ọlọ́run kò sí, àmọ́ tí ẹ bá tẹ́tí dáadáa, Ọlọ́run ló ń bá wí. Ẹni tó ń bínú sí èèyàn kò tíì kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìbínú yìí wúwo lónìí ju ti àtijọ́ lọ, ìdí sì wà fún un. Lọ́dọ̀ àwọn babaláwo, ikú, àrùn, òfò jẹ́ ajogun tó dá dúró. Èṣù wà lójú ọ̀nà, orí kálukú sì ti yan tirẹ̀. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹni tí a lè dá lẹ́bi pọ̀. Èèyàn tilẹ̀ lè bá òrìṣà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá alágbàṣe sọ̀rọ̀: Òrìṣà, bí o ò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ṣe bá mi. Nígbà tí a sọ pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ló ní gbogbo agbára, tó sì jẹ́ oníṣẹ́ rere nìkan, gbogbo ẹ̀bi kó sórí ẹnìkan. Àwọn ààfáà ní ìdáhùn tiwọn, kádàrá àti ìdánwò. Àwọn pásítọ̀ ní tiwọn, pé Ọlọ́run fún èèyàn ní òmìnira láti yàn. Ìdáhùn gidi ni méjèèjì, ọlọ́gbọ́n èèyàn sì ti fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún jiyàn lé wọn lórí. Àmọ́ ìsìnkú kọ́ la ti ń sọ wọ́n.

Bó bá jẹ́ ìrònú ló gbé ọmọ yín lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ lásán ṣírò rẹ̀. Èèyàn 1,000 gbààwẹ̀ fún físà. Ká ní ẹ́ḿbásì ń fún mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ààwẹ̀ tàbí kò sí ààwẹ̀. Èèyàn 300 á rí i gbà, wọ́n á jáde síwájú wá jẹ́rìí, ìjọ á pariwo. Àwọn 700 jókòó síbi tí wọ́n jókòó sí, ẹnikẹ́ni kò gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún wọn. Cicero, ará Róòmù, sọ pé wọ́n fi àwòrán àwọn tí àwọn òrìṣà gbà là lójú òkun han Diagoras, ará Gíríìkì tí kò gba àwọn òrìṣà gbọ́. Ó fèsì pé ibi kankan kò sí tí wọ́n ya àwòrán àwọn tó rì sí. Ọmọ tó bá ti rí ìṣirò yìí kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀rí ìwòsàn náà ní tirẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí mọ̀ ni ti ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á ní ẹnìkan jẹ́ SS, wọ́n gbàdúrà fún un, àyẹ̀wò tuntun sọ pé AA. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé àyẹ̀wò kan nínú méjèèjì kò tọ̀nà, tàbí pé wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí onítọ̀hún lára láìpẹ́. Ẹ̀jẹ̀ pupa ń gbé tó 120 ọjọ́, nítorí náà àyẹ̀wò tí wọ́n bá ṣe kí oṣù mẹ́rin tó pé lè jẹ́ ti ẹni tó fún un lẹ́jẹ̀ ló ń fi hàn. Kí ẹnikẹ́ni má fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ ṣègbéyàwó o. Ẹ dúró títí oṣù mẹ́rin á fi kọjá, kẹ́ ẹ sì ṣe é ní ilé àyẹ̀wò méjì.

Àwọn aláìgbàgbọ́ náà ń ṣe ìṣirò òdì kan náà, mo sì máa ń rí i pé wọn kì í mọ̀. Wọ́n á ka wòlíì tó kó owó ìjọ jẹ, pásítọ̀ tó fi ọkọ̀ òfuurufú yangàn, ààfáà tó ṣe oògùn owó. Wọn kò ka ìyá ìjọ tó ń gbé oúnjẹ lọ fún opó láràárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, torí ìyẹn kì í wọ inú ìròyìn. Ẹ lè bi ọmọ yín ní ìbéèrè yẹn gan-an. Kò ní bínú, torí ọgbọ́n tirẹ̀ lẹ fi bi í.

Ní báyìí, kí lẹ máa ṣe? Ohun tó máa ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, ìtúsílẹ̀ ló sì ṣáájú. Ọmọ ọdún 22 ti dàgbà lójú òfin. Abala 38 ìwé òfin ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní òmìnira èrò, ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn, títí kan òmìnira láti yí i padà. Abala 35 sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti èèyàn mọ́lé láìsí òfin lẹ́yìn rẹ̀. Kí wọ́n dè é, kí wọ́n nà án, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta láìmu omi nínú ooru Èkó lè ba kíndìnrín jẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, iṣẹ́ tó máa ń ṣe ni pé ọmọ á jẹ́wọ́ ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ kó lè lọ sílé, láti ọjọ́ náà lọ kò sì ní sọ òótọ́ ọkàn rẹ̀ fún yín mọ́. Dídá owó ilé-ìwé dúró ń ṣe ohun kan náà.

Ẹ má sì fi ẹsẹ̀ Bíbélì tàbí Kùránì bá a jiyàn. Oníṣòwò ni yín. Bí oníbàárà bá ní léèsì yín kì í ṣe ti Austria, tí ẹ fa rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù ara yín yọ, ṣé á gbà? Ṣọ́ọ̀bù gan-an ló ń ṣiyèméjì nípa rẹ̀. Ẹ máa ń ní kó fọwọ́ kàn án, kó gbé e síta sójú oòrùn.

Ẹ pè é nígbà tí ilé dá, kí bàbá àti ẹ̀gbọ́n má sí níbẹ̀, torí ọmọ tí wọ́n bá gbé sí àárín ìjókòó kì í ṣe ju kó gbèjà ara rẹ̀. Ẹ bi í pé: Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Kí ló ṣẹlẹ̀ ní sáà yẹn? Kí ló ń dùn ọ́ jù nínú ohun tí àwa ń ṣe? Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló le jù nínú gbogbo rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ á sọ ọ̀nà tó gbà fún yín: tó bá dárúkọ ẹni tó kú, ọ̀fọ̀ lẹ ní láti bá a ṣe, tó bá dárúkọ ohun tí ẹ̀yin òbí ṣe, ẹ bẹ̀ ẹ́ bó bá jẹ́ òótọ́, tó bá jẹ́ ìwé àti ìṣirò, ẹ fi í mọ ẹni tó kàwé tó sì gbàgbọ́, tó lè bá a jiyàn láìbínú. Irú wọn kò wọ́n ní Àkọkà.

Ohun kan wà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rárá. Tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò jẹun dáadáa, tí kò sùn, tí ohunkóhun kò wù ú mọ́, tàbí tó ń sọ pé ó sàn kóun má sí, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, kò jìnnà sí yín. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Yaba.

Kẹ́ ẹ wá sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ máa ṣe, torí ibẹ̀ nilé ti máa ń dàrú, kì í ṣe níbi ìgbàgbọ́. Ṣé á bá yín dúró níbi jànásà bí ẹbí bá kú? Ṣé á gbà kí wọ́n fi ààfáà ṣe ìsọmọlórúkọ ọmọ rẹ̀? Tó bá fẹ́ gbéyàwó, ìgbéyàwó kóòtù ní Ìkòyí kò béèrè ẹ̀sìn. Wọ́n á lẹ ìwé ìfilọ̀ fún ọjọ́ 21, lẹ́yìn náà wọ́n á so wọ́n pọ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé láti ọjọ́ ìfilọ̀ náà. Kí bàbá rẹ̀ mọ̀ ọ́n láti ìsinsìnyí, kó má bàa dà bíi pé wọ́n dalẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ á gbà láti ṣe gbogbo ohun tó jẹ́ ti ẹbí, wọn kò kàn ní ṣe bí ẹni tó ń gbàdúrà. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí bàbá fi ọ̀rọ̀ ìwé sílẹ̀ ní tirẹ̀. Nígbà tí Iléyá bá dé, kó pe ọmọ náà kó wá bá òun di àgbò mú. Dídi àgbò mú kò gba ìgbàgbọ́, apá ló ń gbà.